Adédiwúrà Ṣì Ń Wá Ọkọ

Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó gbọ́n bíi Níyì, ẹ bá mi fà á létí. Ọmọ náà mọ kọ̀ǹpútà débi pé ó gbàgbé pé ó yẹ kí àwọn ẹlòmíràn gbọ́ ohun tó bá ṣe. Ojú mi ló ṣe. Ayálégbé ni mí nílé Daddy Ọlábámijí ní Kétu níbí, èmi Ìyá Ìlérí yìí náà ni wọ́n sì ní kí n gbé àga wọ pálọ̀ lọ́jọ́ tí Níyì kó ẹbí rẹ̀ wá tọrọ Adédiwúrà, ọmọ Daddy. Mo gbé àga tán, mo kọ̀, mi ò jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì kan wà ní Ìkòsí tó ń mú kí àwọn tó ń wá ọkọ àtàwọn tó ń wá ìyàwó pàdé ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Madam Catherine ló ni ín, Níyì ló sì ń bá wọn ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Òfin kan ni Madam fi lélẹ̀: òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ fẹ́ kọ́sítọ́mà. Lọ́jọ́ kan tí Níyì ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, fọ́tò Adédiwúrà yọ sí i, òfin bá fò lọ lórí rẹ̀. Wọ́n pàdé, wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ẹ̀rù wá ń ba Níyì pé ọkùnrin mìíràn lè rí i níbi tí òun náà ti rí i.

Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀ bí ẹnì kan bá ti rí ẹni tó fẹ́. Ṣùgbọ́n bí Níyì bá tẹ̀ ẹ́, Madam á gbọ́. Ló bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú orúkọ gbogbo kọ́sítọ́mà sí, tí wọ́n ń pè ní database, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síwájú orúkọ Adédiwúrà pé ó ti lọ́kọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ jẹun. Ohun tí ọlọgbọ́n yìí gbàgbé ni pé àwọn tó ń wá ìyàwó kì í wo database. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ṣe sọ́tọ̀ kí wíwá nǹkan lè yá ni ibi tí wọ́n ti ń wá ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní search, ń wò, bọ́tìnnì yẹn ló sì máa ń sọ fún ẹ̀dà náà pé nǹkan ti yí padà. Nínú database, Adédiwúrà ti di ìyàwó ilé. Nínú search, omidan ni, ó ń rẹ́rìn-ín, nọ́ńbà bàbá rẹ̀ sì wà lábẹ́ fọ́tò, nítorí Daddy ló ní òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ máa pè.

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Bàbá Àtàndá, ẹ̀gbọ́n bàbá Níyì tó ti Ìsẹ́yìn wá, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yìí tó wu àwọn láti já, nígbà tí ọkùnrin kan tó síngbọnlẹ̀ wọlé, iyanrìn lára bàtà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ Níyì tóun náà ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Daddy. Ṣùáíbù ni mo ń jẹ́, iyanrìn ni mò ń wà l'Agboyi. Èmi ni mo pè yín lánàá nítorí Sister Adédiwúrà."

Daddy la ẹnu sílẹ̀. "Ìwọ lo pè mí? Mo ṣe bí ẹbí Níyì ni! Èmi ni mo tún ní kí ẹ máa bọ̀!"

Bàbá Àtàndá yíjú sí Daddy. "Ẹ̀yin àna wa, ṣé òdòdó kan náà lẹ ń fi han gbogbo àdúgbò ni?"

Ṣùáíbù na fóònù rẹ̀ sókè. "Sir, mo tún rí wọn láàárọ̀ yìí gan-an. Ẹ wò ó: Adédiwúrà, Kétu, ń wá ọkọ gidi."

Adédiwúrà jáde láti inú yàrá. "Níyì, ṣebí o ní o ti yọ mí kúrò níbẹ̀?"

"Mo ti yọ ẹ́ now! I swear, ó wà nínú database!" Níyì fò dìde, ó ṣí laptop, ó gbé e fún Daddy. Daddy wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ó ti lọ́kọ.

"Ìgbà wo lo kọ èyí?"

"Ó máa tó bí... ó ti pẹ́ díẹ̀, sir. Ṣáájú ọdún Iléyá."

"Ṣáájú Iléyá! Ìgbà yẹn, o ò tíì kí mi rí. Ta ló fún ẹ lọ́mọ?"

Bàbá Àtàndá fi fìlà bojú. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi etí ìborùn di ẹnu.

"Ẹ gbọ́," ni Daddy wí. "Ọmọ mi ò lè wà nílé ọkọ níbì kan, kó tún máa wá ọkọ níbòmíràn. Àfi kí ibi méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ kan náà kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ọmọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Ìlérí, ẹ gbé àga fún Ṣùáíbù."

Òógùn bo Níyì. Ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò sí bí òun ṣe máa ṣe é tí Madam ò ní gbọ́, iṣẹ́ òun á sì bọ́.

"Iṣẹ́ ẹ ni àbí èmi?" ni Adédiwúrà bi í.

Àánú Níyì ṣe mí díẹ̀. Ó pe Madam, ó fi í sórí sípíkà kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, mo ti fẹ́ kọ́sítọ́mà."

"Èwo nínú wọn?"

"Adédiwúrà ti Kétu, ma. Inú database ni mo ti kọ ọ́ pé ó ti lọ́kọ, mi ò tẹ bọ́tìnnì."

"Èyí tí mo ń tọ́jú de àbúrò mi! Níyì! O gba ẹ̀yìn wọ inú database mi! Kí lo tún ti yí padà tí search ò gbọ́?"

"Mi ò rántí mọ́, ma."

"Kó gbogbo database dà sínú search lákọ̀tun, nísinsìnyí, kí n tó lé ẹ!"

Níyì ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo wa jókòó ti laptop bí ẹni ń ṣọ́ ìrẹsì lórí iná. Nígbà tó parí, Ṣùáíbù wo fóònù rẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Wọ́n ti lọ," ló wí. Inú mi dùn, mo fẹ́ pàtẹ́wọ́, àmọ́ Daddy ní àwọn máa fojú ara àwọn rí i. Wọ́n gba fóònù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, wọ́n dúró.

"Níyì, ta nìyí?"

Níyì ni, nínú awò dúdú. Ó ń wá ìyàwó. Arẹwà ọkùnrin, ó nílé sí Magodo.

"Test ni, sir!" ni Níyì kígbe. "Ọjọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ ni mo kọ ọ́ sínú database láti fi dán an wò. Search ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí títí di ìsinsìnyí. Mi ò nílé kankan ní Magodo, yàrá kan ni mò ń gbé n'Íṣẹrí Olówóra!"

Bàbá Àtàndá ti ń wá bàtà wọn. Adédiwúrà gba laptop lọ́wọ́ Níyì.

"Bọ́tìnnì tó yẹ kó o tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dà?"

Níyì nàka sí i. Adédiwúrà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sórí orúkọ Níyì. Àṣé Madam ò tíì pa ìpè. A gbọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún lọ́hùn-ún.

"Ah-ah! Wọ́n ní Níyì ti rí ìyàwó. Ta ló tẹ èyí? Ta ló fẹ́ ẹ?"

"Èmi ni, ma," ni Adédiwúrà dáhùn. Bàbá rẹ̀ ló tẹjú mọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Madam mí kanlẹ̀. "Ẹ kú oríire. Níyì, má pẹ́ dé lọ́jọ́ Monday, iṣẹ́ pọ̀ tó o máa tún ṣe."

Daddy wo database, wọ́n wo search, wọ́n wo ọmọ wọn. Wọ́n bọ́ awò ojú.

"Bàbá Àtàndá, ẹ jókòó," ni wọ́n wí. "Ibo lẹ bá ọ̀rọ̀ òdòdó yẹn dé?"