Ọkọ̀ Tó Dúró Sára Ògiri

Ẹni tó bá bi obìnrin káfíńtà yìí léèrè pé ta ló ń kan ọkọ̀ ojú omi sínú pálọ̀, á ní kì í ṣe ọkọ̀, pẹpẹ ni. Pẹpẹ tó rí bí ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù lọ́jọ́rú, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Pẹpẹ kẹ̀? Ó dáa, máa kan pẹpẹ ẹ. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mò ń bọ̀ wá gbé Bàbá lọ sílé àwọn arúgbó. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọjọ́ wo ló dá ẹ mọ̀ kẹ́yìn? Bí kò bá mọ ẹni tó ń bọ́ òun mọ́, ṣé ó burú kí ẹlòmíì máa bọ́ ọ?" Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Tó bá lè dá ẹ mọ̀ lójú mi, ẹ̀ẹ̀kan péré, mo ti panu mọ́."

Ẹ̀gbọ́n náà kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ṣùgbọ́n ẹni ọ̀rọ̀ kàn ló mọ̀ ọ́n.

Ogójì ọdún ni bàbá wọn fi kan ọkọ̀ ojú omi. Ara rẹ̀ ṣì le koko, orí ló ń jò. Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ gbàgbé, lẹ́yìn náà ó gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún un, á sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, títí wọ́n fi dákẹ́ pé àwọn ò sọ mọ́. Láti oṣù méje wá, "Màdáámù" ló ń pe ọmọ tó bí. Màdáámù, ẹ ṣeun. Màdáámù, ta ló ni ilé yìí? Ó máa ń ṣe obìnrin náà bíi kó forí sọ ògiri.

Èrò rẹ̀ ni pé ohun tí orí bá gbàgbé, ọwọ́ lè rántí. Bí Bàbá bá tún rí ọkọ̀ kàn, bóyá á gbójú sókè, á sì rí ẹni tó bá a di pákó mú. Ṣùgbọ́n ilé yàrá kan àti pálọ̀ kan, níbo ni wọ́n á gbé ọkọ̀ sí? Òun náà sì rèé, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù ni tirẹ̀. Ló bá ní òun á ṣe é ní pẹpẹ, kí Bàbá lè máa rí i látorí ibùsùn rẹ̀ ní pálọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́fà wọlé. Ó ń fi orúnkún tẹ àkọ́kọ́ kó lè ká, pákó náà ń ké. Bàbá dìde lórí àga.

"Màdáámù, kí ni igi yẹn fi ṣe yín? Omi gbígbóná dà?"

Wọ́n se omi, wọ́n da aṣọ bo pákó, wọ́n sì ń da omi náà lé e lórí, kẹ́tùlù lẹ́yìn kẹ́tùlù, títí pákó fi gbọ́ràn. Nígbà tó fẹ́ fi ìṣó kan imú ọkọ̀, Bàbá gbá a lọ́wọ́ pé àárín ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ lọ sí imú. Ọjọ́ méjì gbáko ni baba yìí fi jẹun láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó tiẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀.

"Ọwọ́ yín ò burú, Màdáámù. Ọ̀gá tó kọ́ yín ni ò gbọ́ṣẹ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó wọ balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún. Ta ni ọ̀gá ọ̀hún bí kì í bá ṣe òun Bàbá fúnra rẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí Bàbá ṣe ń rẹjú lẹ́yìn oúnjẹ, obìnrin náà gbé ọkọ̀ nàró sára ògiri, ìdí nílẹ̀, imú lókè. Ó kan pákó mẹ́rin dábùú inú rẹ̀, ó to rédíò, awò ojú àti fọ́tò ìyá wọn sí i. Ó rẹwà lójú rẹ̀. Káfíńtà inú ilé ni, ohun tí wọ́n bá fẹ́ to nǹkan sí, ńṣe ni wọ́n ń gbé e nàró. Kò wá sí i lọ́kàn pé fún ẹni tó fi ogójì ọdún kan ọkọ̀, ìgbà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń na imú sókè bẹ́ẹ̀.

Bàbá lajú.

"Ó ń rì! Ẹ gbà wá o, ó ń rì!"

Ó fò dìde, ó gbá rédíò dànù. Ó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì ya, ó ń ki í bọ àárín àwọn pákó, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gbọ́n omi tí kò sí.

"Bàbá, pẹpẹ ni! Ẹ wò ó, pẹpẹ ni!"

"Ọmọ mi wà nínú ẹ̀! Ọmọ mi obìnrin, ó kéré! Màdáámù, ẹ má wò mí níran!"

"Èmi rèé, Bàbá. Èmi ni ọmọ náà."

"Ẹ kúrò lọ́nà!" Ó tì í sẹ́yìn.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ̀gbọ́n bá bá wọn báyìí, ó parí nìyẹn. Obìnrin náà gbé òòlù, ó gbá pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ó gbé ọkọ̀ náà sùn sílẹ̀. Ìtìjú ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta wọnú ọkọ̀, ó ká orúnkún mọ́ àyà.

Bàbá kúnlẹ̀ tì í. Ó wò ó.

"Ọmọ mi."

Ó fi àkísà aṣọ bẹ́ẹ̀dì nu irun rẹ̀ tó gbẹ táútáú, ó nu etí rẹ̀, ó nu abẹ́ àgbọ̀n. "Omi ò wọ̀ ẹ́ nímú? Ṣebí mo ní o ò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ tí mi ò tíì parí? Olóríkunkun ọmọ."

"Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó ń sunkún bí ọmọdé, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń dùn ún.

Bàbá mú un lápá, ó fà á dìde kúrò nínú ọkọ̀. Bó ṣe nàró, tó ga ju baba náà lọ, baba gbójú sókè wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́ o." Lẹ́yìn náà ó wo inú ọkọ̀ tó ṣófo, ó sì fọwọ́ wá inú rẹ̀. "Ọmọ kan wà níbí. Ṣé ẹ rí i?"

Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

"Ṣílẹ̀kùn, èmi ni," ẹ̀gbọ́n ń wí.

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò obìnrin náà, nítorí wọ́n kì í fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí Bàbá má baà sọnù. Kí ẹ̀gbọ́n tó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé Bàbá dá a mọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde nínú ọkọ̀ lọ ṣílẹ̀kùn.

"Ọmọ mi!" Bàbá ń pè. "Ọmọ mi dà?"

Obìnrin náà padà sínú ọkọ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò. "Mo wà níbí, Bàbá," ó ní, ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n máa kanlẹ̀kùn.