Ẹnu Ọ̀nà Tó Gba Ènìyàn Méjì

Káfíńtà ń ti òpó férémù ẹnu ọ̀nà kan lọ ti í bọ̀ lórí irin nígbà tí dókítà ní kó dúró. Ó dúró. Dókítà wo àlàfo tó wà láàárín òpó méjèèjì, ó ní ó ti tó. Ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́ gba ibẹ̀ kọjá kí òun rí i.

Káfíńtà kọjá. Ó padà. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Yàrá ìwádìí ni, ní ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ṣàjèjì: ẹnu ọ̀nà tí kò lọ síbì kankan, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí wọ́n lè sọ di tóóró tàbí gbàràgàdà. Kì í bi oníbàárà ní ohun tó fẹ́ fi iṣẹ́ ṣe. Dókítà ló sọ fún un fúnra rẹ̀. Obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni, ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn tí àìsàn kì í jẹ́ kí wọ́n jẹun ló máa gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n á ti gbẹ, egungun wọn á ti yọ, síbẹ̀ tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà tó gba ènìyàn méjì, ọ̀pọ̀ wọn á yí èjìká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó wọlé, bí ẹni pé wọ́n sanra ju ibẹ̀ lọ. Wọn kì í mọ̀ pé àwọn ṣe é. Ibi tí ara ti ń gbọ́ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń wá.

"Ẹnu lè kọ́ ohun tó máa sọ fún dókítà," ó ní. "Èjìká ò kọ́ ọ."

Káfíńtà ń nu ìfági rẹ̀. Ó ti mọ́, ó ṣì ń nù ún.

"Ṣé ara wọn máa ń yá?"

"Ara ọ̀pọ̀ wọn máa ń yá, tí wọ́n bá tètè wá. Tí wọn ò bá tètè wá, ọkàn wọn á máa lù lọ́ra. Ti àwọn mìíràn á dúró."

Káfíńtà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ òun àti ìyàwó rẹ̀, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́. Láti kékeré ni ìyá àgbà ti ń pè é ní Orogún, ó ní ó wá gba ọkọ mọ́ òun lọ́wọ́. Ọmọ náà a máa dá a lóhùn tẹ́lẹ̀, a máa ní kí Ìyáálé fara balẹ̀, àkókò rẹ̀ ti kọjá. Kò dá a lóhùn mọ́. Ó ń gé búrẹ́dì wẹ́wẹ́, á tì í kiri inú àwo, á ní òun ti jẹun nílé ẹ̀kọ́. Ìyá àgbà kọ́kọ́ ní ìgbéraga ni. Lẹ́yìn náà ó ní àṣà àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, káfíńtà jókòó sí ọ̀kánkán ilé ìdáná. Ọmọ náà gbé omi jáde. Ó yí èjìká.

Bàbá ti rí i bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó rò pé torí ọ̀dà tí òun kùn sí igi ẹnu ọ̀nà náà ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú òòlù, ó yọ férémù ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri lápá méjèèjì. Ìyá àgbà bèèrè bóyá mọ́tò ló fẹ́ gbé wọ ilé ìdáná. Bàbá ní ẹnu ọ̀nà náà há.

"Láti ìgbà tí ẹ ti gbé mi níyàwó ni mo ti ń gba ibẹ̀," ni ìyá àgbà wí. "Ẹ sì mọ bí ìdí mi ṣe tó. Kò há rí."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbé férémù tuntun síbẹ̀.

Ọmọ náà dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó kí wọn, ó wọ ilé ìdáná. Ó yí èjìká. Àgbàlagbà lè dúró sáàárín òun àti òpó.

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri.

"Ìyàwó mi," ó pe ọmọ náà. "Padà wá. Dúró sí àárín. Na ọwọ́ kan."

Ó nà án. Kò kan igi.

"O yí èjìká."

"Mi ò yí i, Bàbá àgbà."

"O yí i."

Ìyá àgbà la ẹnu. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ìyá àgbà pa á dé. Ọmọ náà ń wo òpó.

"Ó máa ń dà bíi pé mi ò ní gbà níbẹ̀," ó ní. "Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ṣì máa ń dà bẹ́ẹ̀."

Bàbá sọ fún un nípa férémù ilé ìwòsàn. Kò fi nǹkan kan pamọ́, títí dé orí ọ̀rọ̀ ọkàn tó ń dúró. Ó ní kì í ṣe ọmọ náà nìkan ló ń ṣe, àwọn kan sì ń wá gbòǹgbò rẹ̀, kí àwọn jọ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ọmọ náà bèèrè bóyá wọ́n á fi tipátipá fún òun lóúnjẹ. Bàbá ní òun ò mọ̀. Ọmọ náà ní òun ò lọ, ó wọ yàrá, ó sé ilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀, káfíńtà wọ aṣọ ìjáde, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ó gbé fìlà lé orúnkún. Ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó tún di àárọ̀, ó tún jókòó. Ọmọ náà jáde sí i.

"Ẹ ò ní lọ síbi iṣẹ́ ni?"

"Rárá."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa jókòó títí?"

"Níbi tí o bá wà ni mo máa jókòó sí. Tó bá jẹ́ ọ̀hún, ọ̀hún ni."

Ọmọ náà wo fìlà náà. Ó lọ mú bàtà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọkàn ọmọ náà ti ń lù lọ́ra. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó padà sílé, dókítà sọ fún àwọn àgbà méjèèjì pé oúnjẹ ni oògùn. Kí wọ́n bù ú, kí wọ́n jókòó tì í títí yóò fi tán. Kí wọ́n má bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má bá a jiyàn. Ó nira fún ìyá àgbà, tí kò jókòó ti oúnjẹ rí kó má sọ̀rọ̀. Bàbá ò rí i bí iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà la àwo mọ́lẹ̀, ó ní ògiri lásán ni Bàbá àgbà. Bàbá ṣa àfọ́kù, ó bu òmíràn.

"Ògiri kì í bínú," ó ní. "Jẹun."

Ó jẹ ẹ́. Ó ń sunkún, ó ń jẹ ẹ́.

Nígbà tó lágbára díẹ̀, ó ní kí dókítà fi òun kún ìwádìí náà. Ó gba inú férémù kọjá, ó sì tún gba ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹran ara rẹ̀ padà. Èjìká rẹ̀ ṣì yí díẹ̀. Dókítà ní ẹran ara ló ń kọ́kọ́ dé, ohun tí ara gbà gbọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní àwọn ò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ kan, ìyá àgbà dúró sẹ́nu ilé ìdáná, ó ní Orogún ń pẹ́ níbi àwo.

"Ìyáálé, ẹ yà fún mi," ọmọ náà ní. "Tàbí kí ẹ má yà. Ó gba àwa méjèèjì."

Láwọn ọjọ́ mìíràn, ó ṣì máa ń yí èjìká. Káfíńtà ò ṣe ilẹ̀kùn sí ilé ìdáná. Aṣọ ni wọ́n ta síbẹ̀, tó ń yà fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá.