Bàbá Ẹdinbọ́rà

Bàbá Ẹdinbọ́rà ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajíbọ̀dé, ẹnu ara mi ni mo sì fi fa orúkọ náà. Lọ́dún 1988, yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lábù rán mi lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní ìlú Ẹdinbọ́rà, fún oṣù mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ òkè, n óò ní òkè wo, ẹni tí kò tí ì rí ilé olódi Ẹdinbọ́rà lórí àpáta rẹ̀ kò tí ì rí òkè. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èmi náà kò dé ilé olódi ọ̀hún rí.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ìlú náà ni mo ṣìnà nínú kùrukùru. Odidi wákàtí mẹ́ta ni mo fi rìn láàárín àwọn ọ̀nà tóóró. Bí mo bá bi ènìyàn, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń fèsì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́ wa. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Láti ọjọ́ náà, yàrá sí lábù, lábù sí yàrá.

Ṣùgbọ́n nílé wa ní ìlú Ìrókò, gbogbo agbo ilé ló ń pé jọ gbọ́ lẹ́tà tí mo bá kọ sí Dorothy, ìyàwó mi. Ta ni yóò wá kọ ọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun? Mo ra àwọn káàdì aláwòrán, mo sì da ohun tó wà lẹ́yìn wọn kọ: ojú pópó gígùn tó ti ilé olódi sọ̀ kalẹ̀ dé ààfin, ère ajá tó ṣọ́ sàréè olówó rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, ìbọn àgbá tí wọ́n ń yìn ní aago kan ọ̀sán. Mo tún fi tèmi kún un. Mo ní bí mo bá ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà ni mo máa ń dúró sí títí yóò fi dún.

Lọ́dún yìí, ọmọ wa Títíladé, tó ń gbé Ẹdinbọ́rà báyìí, bímọ. Dorothy fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Bó ṣe ń di ẹrù, ó kó àwọn lẹ́tà náà sínú àpò rẹ̀.

"Bàbá Títí, gbogbo ibi tí ẹ dúró sí ni n óò dúró sí."

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, mo tún fẹ́ jẹ́wọ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ẹnu mi tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ kò là. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n. Bí Dorothy bá mọ̀ pé irọ́ ni ohun tó ti fi ń yangàn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kí ni yóò kù tí yóò gbà gbọ́ nínú mi?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni fóònù dún. Aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú Dorothy yọ nínú fídíò, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè rẹ̀, ògiri òkúta wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ìsinmi, Bàbá Títí. Ẹ̀gbẹ́ ìbọn yín ni mo wà. Kò mà dún o."

"Bóyá ó bàjẹ́ ni."

"Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ó ní wọn kì í yìn ín lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ti wà kí wọ́n tó bí òun."

Irọ́ tuntun ti wà lẹ́nu mi, mo ti fẹ́ ní Sátidé ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ń bẹ ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí, irọ́ náà sì sú mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Títí, n kò débẹ̀ rí. Káàdì ni mo dà kọ. Ẹ̀rù ìlú náà bà mí, inú yàrá ni mo wà."

Mo gbọ́ tí ọmọ ọwọ́ ń ké, tí Títíladé ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èébú ni mo ń retí. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti bú ènìyàn.

"Oṣù mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án?"

"Oṣù mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án."

"Ẹ̀yin nìkan, tí ẹ sì ń kọ lẹ́tà ẹ̀rín sí wa?"

Ó ká lẹ́tà náà, ó tì í bọ àpò.

"Títí, mú bírò. Bàbá ẹ fẹ́ sọ àdírẹ́sì." Ó yíjú padà sí mi. "Ilé tí ẹ gbé nígbà náà, ojúlé kelòó ni? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ lọ wò lọ́la. Mo ti rí ilé ọba tó."

Mo sọ ojúlé, mo sọ orúkọ àdúgbò. Títíladé kọ ọ́ sílẹ̀.

"Yàrá yín ńkọ́?"

"Òkè kẹta, lápá ẹ̀yìn."

"Fèrèsé rẹ̀, kí ló kọjú sí?"

Gbogbo Ajíbọ̀dé ló ti bi mí ní ìbéèrè nípa Ẹdinbọ́rà, kò sẹ́ni tó bi mí ní èyí rí.

"Ògiri ni," ni mo wí, omijé ti gbà mí lójú. "Dorothy, ògiri ni."