Ọba Zwettler Jáde Síta

Ọṣẹ ló sọ Leopold Zwettler di olówó ní Vienna, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn, ẹ má dárúkọ ọṣẹ. Ẹ bi í nípa ṣẹ́ẹ̀sì, ayò tó ní ọba àti ọmọ ogun.

Èmi Alois ni mò ń gbé kọfí fún àwọn ọ̀tayò ní ilé kọfí tí wọ́n ti ń ta ayò náà. Zwettler ló ń náwó sí ìdíje wọn. Bí òtútù bá sì mú ọ̀tayò kan tí kò lẹ́wù, òun náà ni yóò ra ẹ̀wù fún un. Ṣùgbọ́n kì í ta lójúkojú. Bí aago tí wọ́n fi ń ṣọ́ àkókò ayò bá ti ń dún létí rẹ̀ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, orí rẹ̀ á dàrú. Orí káàdì ni tirẹ̀: á kọ ibi tó gbé ọmọ ayò sí, á fi ránṣẹ́, á sì dúró de èsì. Ọdún méjì gbáko ló ti ń bá Dókítà Lindeqvist ní Gothenburg, ìlú kan tó jìnnà, ta ayò kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 1909, ó já wọlé, etí rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó sáré. Ó to ayò náà sórí tábìlì.

"Mo ti fi káàdì ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ọba mi ni mo gbé síwájú."

Kálmán Dobos, ará Hungary tó mọ ayò ju gbogbo wọn lọ, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ, gbé ife kalẹ̀. "Síwájú ibo?"

"Síta. Àárín pápá."

"Ọba? Láìsí ẹ̀ṣọ́? Ọ̀gá, ṣé ó ń lọ gbatẹ́gùn ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Perlhefter àgbà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tayò, ní, "Ẹ sáré lọ bá wọn ní pósítófíìsì, kí wọ́n dá káàdì yẹn padà!"

Dobos gbé ẹṣin dúdú, ó fi halẹ̀ mọ́ ọba náà. "Bí dókítà bá gbé ẹṣin rẹ̀ síbí, ó tán. Ẹ wá áńkáṣíìfù tẹ́ ẹ ó fi nu omijé o."

Mo wo ọwọ́ Zwettler. Kò gbọ̀n.

Fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò jẹun kan kó tán. Bí ilẹ̀kùn bá dún, gbogbo wa á gbójú sókè. Lọ́jọ́ kejìlá, ó wọlé pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́.

"Ẹṣin ló gbé!"

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Dobos fò sókè. "Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí n ò wí?"

Zwettler wá fi ìka kan ti ọmọ ogun kékeré kan síwájú, ẹsẹ̀ kan péré. "Ẹ wò ó."

Dobos bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbìyànjú ọ̀tún, ó gbìyànjú òsì. Ibi yòówù kí ẹṣin gbà, ọba tó dá dúró síta ti dí i lọ́nà, ọmọ ogun yẹn á sì dé òpin pápá, á di ayaba, ọmọ ayò tó lágbára jù lọ.

"Jésù, Màríà!" ni Dobos wí.

Nínú oṣù kìíní, káàdì ìkẹyìn dé. Zwettler kà á sókè: "Mo túúbá. Ẹ bá mi kí àwọn ọ̀gá tó ń ràn yín lọ́wọ́."

Ojú rẹ̀ ṣú. Ó rọra jókòó bí ẹni tí òjò pa.

Dobos já káàdì náà gbà, ó tún un kà. "Ta ló ràn án lọ́wọ́? Alois, gbé yíǹkì àti káàdì tuntun wá!" Bó ṣe ń kọ ọ́ ló ń kígbe rẹ̀: "Dókítà, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ran Zwettler lọ́wọ́. Gbogbo wa la fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òmùgọ̀ ni wá." Ó fọwọ́ sí i. Perlhefter fọwọ́ sí i. Àwọn yòókù ń ti ara wọn níwájú tábìlì kó lè kàn wọ́n.

"Ìwọ náà, Alois. Ṣebí o rẹ́rìn-ín!" ni Dobos wí.

Mo nu kọfí ọwọ́ mi, mo fọwọ́ sí i.

Kí yíǹkì tó gbẹ, Zwettler ti gba káàdì tuntun náà, ó ti bọ́ sínú yìnyín láìdé fìlà, ó ń sáré lọ sí pósítófíìsì. Dobos yọrí lójú fèrèsé, ó ń pariwo tẹ̀lé e:

"Ọ̀gá, ẹ dúró! A ò tíì lẹ sítáǹbù mọ́ ọn o!"