Ilé Tí Ọkọ Gavra Kọ́kọ́ Yà Sí

Òṣìṣẹ́ a máa fẹ̀yìn tì, owú kì í fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí Shivratan Vyas ṣíwọ́ iṣẹ́ gáàdì rélùwéè, tí wọ́n fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Abu Road nílẹ̀ India, tí tọmọdé tàgbà ń pàtẹ́wọ́, ohun tí Gavra ìyàwó rẹ̀ ń rò ni pé ilé ìjọba tí àwọn ń gbé ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn, ọkùnrin yìí yóò sì dárúkọ ìlú Bikaner pé ibẹ̀ ni kí àwọn kó lọ.

Kò pẹ́ tó fi dárúkọ rẹ̀. Òdòdó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá Narottam, mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ Bikaner á bá orúnkún mi mu."

"Orúnkún wo? Èyí tẹ́ ẹ fi ń fò wọ ọkọ̀ ojú irin látọjọ́ táyé ti dáyé? Jodhpur ni oníṣègùn orúnkún pọ̀ sí."

"Omi Jodhpur kì í bá mi lára mu."

"Iyanrìn Bikaner kì í bá mi lójú mu."

Irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa. Aṣálẹ̀ kan náà ló bí ìlú méjèèjì. Iyanrìn kan náà ló ń kó sínú ọbẹ̀ wọn, oòrùn kan náà ló ń bó wọn lórí, ẹni tó bá sì ní ọ̀kan tutù ju èkejì lọ, ìjà ló ń wá. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé Bikaner ni wọ́n bí Gavra sí. Obìnrin wo ló ń sá fún ìlú tí wọ́n bí i sí? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ti Gavra ní orúkọ, Lichhma ni.

Ní Bikaner, àwọn Pushkarna, tí í ṣe ìran wọn, kì í ṣe ìgbéyàwó bó ṣe wu kálukú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń mú láàárín ọdún mélòó kan, gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ gbéyàwó nínú wọn, ọjọ́ yẹn ni. Àwọn ọkọ ìyàwó á kún ojú títì, ẹsẹ̀ lásán, àyà lásán, láwàní kan náà lórí gbogbo wọn, ìyá tó bí wọn gan-an lè ṣì wọ́n mú. Lọ́jọ́ tiwọn, Shivratan, tí kò tíì fojú kan Gavra rí, tẹ̀lé àwọn akọrin tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì yà sílé ẹnìkan tó ń jẹ́ Joshi. Wọ́n ní kó lọ sílé Joshi, bàbá Gavra, ilé Joshi náà ló lọ. Pé Joshi méjì ń fa ọmọ fọ́kọ ní òpópónà kan náà, kí ni ti ọmọkùnrin náà níbẹ̀? Ìyá ìyàwó ilé náà jáde, ó fi wàrà àti ìrẹsì sàmì sí i níwájú orí, ó pè é lọ́kọ ọmọ òun, kí ẹnìkan tó pariwo pé èyí kọ́. Ó jáde, ó wá ilé Gavra rí, wọ́n so wọ́n pọ̀, ìlú rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tán.

Kò tán nínú Gavra. Ọwọ́ obìnrin mìíràn ti kan iwájú orí ọkọ rẹ̀ kí ti ìyá rẹ̀ tó kàn án. Dhanni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, sì tún rọra sọ ọ́ sí i létí pé, "Lichhma lórúkọ ìyàwó ibi tó kọ́kọ́ yà sí. Ọmọ yẹn mà rẹwà o." Kì í ṣe pé Dhanni burú. Ẹnu rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

Láti ọjọ́ náà ni Gavra ti fòfin de ìtàn yẹn nílé. Bí Shivratan bá ti yanu pé, "Lọ́jọ́ tí mo ṣìlé yà," Gavra á gbé abọ́ kalẹ̀ gbàgà, á ní, "Ẹ má parí ẹ̀." Kò parí ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí ọdún Holi bá dé, òun nìkan á wọkọ̀ lọ sí Bikaner lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó. Gavra kì í bá a lọ. Bó bá sì padà dé, ó máa ń dá rẹ́rìn-ín ní balùwẹ̀. Ẹ̀rín balùwẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí Gavra gbádùn oúnjẹ. Nígbà tí Narottam ọmọ wọn ṣì kéré, ìròyìn dé pé ọkọ Lichhma kú, pé Lichhma ti padà sílé bàbá rẹ̀. Gavra dárò rẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó sì bẹ̀rù rẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Òrìṣà jẹ́ á pé méjì, kò dénú obìnrin.

Jodhpur ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, nítorí Gavra ló ra tíkẹ́ẹ̀tì. Dhanni, tó ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, din ata gbọ̀ngbọ̀n nínú ìyẹ̀fun ẹ̀wà fún wọn, ó mú wọn lọ wo ilé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn láró, tí omi ń yọ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Shivratan wo yàrá, ó wo ògiri, ó ní, "Ilé náà dára." Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ní kó gbé àgbo kíkorò mu. Inú Gavra dùn, ó sì tún dùn ún, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ nínú méjèèjì.

Nígbà tó ku òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ìdáná, Dhanni bu epo síná.

"Jodhpur ni kẹ́ ẹ máa bọ̀. Àbí o fẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ mú ọkọ lọ síbi tí opó kan ti ń dúró dè é?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín pó ń dúró?"

"Ṣé mo sọ nǹkan kan ni? Tíì ni mò ń dà."

Lọ́jọ́ kejì Shivratan bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn dé Bikaner lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní Jugal Ranga ọ̀rẹ́ òun ní kọ́kọ́rọ́ ilé kan lọ́wọ́, bí kò bá ti wù ú, Jodhpur náà nìyẹn, òun ò ní bá a jiyàn mọ́. Gavra gbà kíá, ó ya ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Kì í ṣe ilé ni Gavra fẹ́ lọ wò. Ó kun irun rẹ̀ dúdú kirikiri, ó yọ ìborùn pupa rẹ̀ jáde, ó fi òrùka imú tí kò lò láti ìgbà ìgbéyàwó Narottam sí imú. Ẹni tó ń lọ wo ilé kì í múra bẹ́ẹ̀.

Ojúde kan ni ilé náà wà, pẹpẹ pákó gbàràmù kan sì wà láàárín ojúde náà, tí àwọn ọkùnrin àdúgbò máa ń jókòó lé láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọn kò tíì rí ilé náà wò tán tí àwọn ọ̀rẹ́ Shivratan fi rí i, wọ́n fà á gun orí pẹpẹ, wọ́n fún un ní tíì àti ìpanu bhujia. Orúnkún tó ń dùn ún kò dùn ún mọ́. Ní Bikaner, obìnrin Pushkarna kì í bá ọkùnrin jókòó síbẹ̀, Jugal sì ní, "Ìyàwó wa, ẹ ya ilé ẹ̀gbẹ́ yìí, kẹ́ ẹ mu omi. Èèyàn dáadáa ni wọ́n."

Obìnrin tíńrín kan jókòó síbi fèrèsé ilé náà, ó ń tẹ́ ìyẹ̀fun papad, ìpanu tí wọ́n ń sá gbẹ, pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, aṣọ rẹ̀ ti ṣá. Ó gbójú sókè.

"Wọlé, Gavra. Èmi ni Lichhma."

Gavra jókòó. Ó wá ẹwà tí Dhanni sọ lójú obìnrin náà, ó wá a lọ́rùn, ó wá a lọ́wọ́, kò rí i, ara sì ti fẹ́ tù ú. Ìgbà náà ló rí i. Ẹwà náà ṣẹ́ kù díẹ̀ ní imú rẹ̀.

"Báwo lo ṣe mọ̀ mí?"

"Ta ni ò mọ ìyàwó Shivratan? Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ìtàn yín lábẹ́ fèrèsé mi."

Bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ọ níta, Jugal pariwo lórí pẹpẹ pé, "Shivratan, sọ ti ilé tó o ṣì yà fún wa!" Gavra fò dìde láti ti fèrèsé. Lichhma fi ọwọ́ oníyẹ̀fun di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jókòó. Ṣó o ti gbọ́ ọ dópin rí?"

"N kì í jẹ́ kó parí ẹ̀."

"Gbọ́ ọ lónìí, kó o yéé gbé e kiri."

Gavra kò mọ ohùn tó gba ojú fèrèsé wọlé. Ohùn ọkùnrin tó ń gbádùn ayé ni, ó sì ti bá ọkùnrin náà sùn, ó ti bá a jí, kò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Wàrà ń ṣàn bọ̀ lójú mi," Shivratan ń wí. "Mo gbọ́ tí wọ́n ní èyí kọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtìjú kọ́ ló bá mi o, ẹ̀rù ni. Mo ní, bí èmi bá wà nílé onílé, ta ló wà nílé tèmi? Àwọn ọkọ ìyàwó pọ̀ nílẹ̀ bí eéṣú, láwàní kan náà. Mo ní ẹnìkan ti lọ gba Gavra mi. N ò tíì rí i rí, mo ti ń jowú lórí ẹ̀! Mo bẹ́ jáde nílé yẹn bí ẹni tí iná ń jó. Láwàní mi já bọ́ síbí yìí gan-an, màlúù kan gbé e, ó ń jẹ ẹ́, n ò wẹ̀yìn. Orí lásán ni mo fi dé iwájú ìyá Gavra, mo ní, Mà, ṣé ẹnìkan ò tíì wọlé?"

Ẹ̀rín sọ níta. Nínú ilé, ara Gavra gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Òun ni wọ́n sáré wá bá. Òun ni wọ́n jowú lé lórí kí wọ́n tó mọ ojú rẹ̀. Ohun tó sì kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn lẹ́yìn ayọ̀ náà ni pé gbogbo àwọn aláìníṣẹ́ orí pẹpẹ yìí ti gbọ́ ọ ṣáájú òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jowú wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ ò rí i pé àìsàn ni.

Ó yíjú sí Lichhma pẹ̀lú ẹ̀rín aṣẹ́gun. Lichhma kò tẹ́ ìyẹ̀fun mọ́.

"Ibi màlúù yẹn ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín jù," Lichhma ní. "Lọ́dún tó kọjá kò pè é ní iná, ejò ló ní òun sá fún."

Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́.

"Ìyá ọkọ mi kò pè mí lórúkọ títí tó fi kú. 'Ẹni tí ọkọ sá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀' ló ń pè mí. Nígbà tí ọkọ mi ṣaláìsí, wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló pa á. Mo máa ń jowú rẹ, Gavra. Má bẹ̀rù, kì í ṣe nítorí ọkùnrin rẹ. Bí mo bá pàdé ẹ̀ lọ́nà n ò lè dá a mọ̀, ohùn ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ìtàn kan náà ni. Ìwọ ni wọ́n sáré lọ bá, èmi ni wọ́n sá fún."

Níta, Jugal tún ń pè pé, "Tún sọ ti ìyá ìyàwó àkọ́kọ́!"

Gavra fa ìborùn pupa bojú, ó jáde, ó sì rìn tààrà lọ sídìí pẹpẹ tí obìnrin kì í lọ. Ẹnìkan gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá Narottam, ìtàn yẹn parí lónìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lábẹ́ fèrèsé yìí mọ́."

"Ìyàwó wa, eré mà ni," Jugal ní.

"Mo mọ̀. Ta lẹ fi ń ṣe é?"

Shivratan wo fèrèsé. Ó rí ọwọ́ tíńrín kan tó ń tẹ́ ìyẹ̀fun, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, orúnkún rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

"N ò rò ó débẹ̀ rí," ó ní. "Má bínú. Jodhpur náà dára."

Ohùn àgbo kíkorò yẹn ti padà dé. Gavra ronú pé bí òun bá mú un lọ sí Jodhpur, ohùn yìí ni òun yóò máa gbọ́ títí ikú, òun nìkan ni yóò sì ni ín.

"Ta ló bá yín dárúkọ Jodhpur? Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ Jugal. Ìtàn yẹn náà, mo fẹ́ gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀. Nínú ilé wa, ìlẹ̀kùn títì, èmi nìkan."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó padà wọlé, ó bọ́ òrùka imú rẹ̀ sápò, ó ká apá aṣọ, ó sì bu ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Lichhma wò ó.

"Ṣé wàá máa gbé níbí ni?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ."

"O fẹ́ máa ṣọ́ mi nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Gavra ní. "Imú yẹn ṣì rẹwà."

Lichhma rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì sún fún un kó lè ráyè jókòó.