Orúnkún Salihat

Òfin súmò, ìjàkadì àwọn ará Japan, kò gùn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jáde nínú agbo ti pàdánù. Ẹni tí ohunkóhun lára rẹ̀, yàtọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀, bá kanlẹ̀ ti pàdánù. Orúnkún wà lára ohun tí kò gbọdọ̀ kanlẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà Salihat ti bẹ̀rẹ̀.

Chicago ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ Halimah ìyá rẹ̀ ló dàgbà sí ní Skokie. Nínú ilé yẹn, ọmọ kì í nàró kí àgbà. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ yan obìnrin kan ṣoṣo tí yóò ṣojú Chicago nínú ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà, ẹni tó kù tí Salihat yóò bá jà ni Àǹtí Rùkáyátù, nọ́ọ̀sì láti Joliet, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí.

Obìnrin yìí ló mú Salihat wọ ẹgbẹ́ súmò. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún. Ẹnu iṣẹ́ òru ló ti máa ń bọ̀ wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè gan-an, á fi tẹ ilẹ̀ gììrì, ara rẹ̀ kò sì ní mì. Àwọn ọkùnrin tó kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín ti dákẹ́. Ó ti gbé púpọ̀ nínú wọn ṣubú.

Àwọn méjèèjì wọ agbo. Wọ́n ti di ọ̀já funfun lé ṣòkòtò dúdú, híjáábù wọn sì fún pinpin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì ni wọn yóò mú.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

"Káàárọ̀, ọmọ Halimah. Ṣé o jẹun? Má ṣubú kí n tó tì ẹ́ o."

Rẹfirí pariwo. Wọ́n kọlu ara wọn. Salihat dì í mú lọ́já, ó tì í dé etí agbo. Ara Àǹtí Rùkáyátù ti ń lọ sẹ́yìn. Kí àgbà má bàa fi ẹ̀yìn lélẹ̀, Salihat fà á padà, òun fúnra rẹ̀ sì fi orúnkún kan gúnlẹ̀.

Rẹfirí nawọ́ sí Àǹtí Rùkáyátù.

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!" Halimah pàtẹ́wọ́ lórí ìjókòó rẹ̀.

Inú Àǹtí Rùkáyátù kò dùn. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ fẹ́ ṣubú ni."

"Mo mọ̀ pé mo fẹ́ ṣubú! Mo ṣiṣẹ́ mọ́jú, mo wakọ̀ láti Joliet láìsùn, o wá ń ta mí lọ́rẹ ìjà. Ṣé mo ti di arúgbó lójú ẹ ni?"

"Rárá, mà."

"Tó o bá tún dì mí mú bí ẹyin, ilé ni mò ń lọ. Kí wọ́n mú ẹ torí pé kò sí ẹlòmíì."

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, Salihat kò wo ojú rẹ̀. Ọ̀já ló ń wò. Ó tì í jáde kí àwọn òǹwòran tó mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Àǹtí Rùkáyátù ń tún híjáábù rẹ̀ ṣe. "Bí èèyàn ṣe ń jà nìyẹn."

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìjà gidi. Àǹtí Rùkáyátù fi orí ti àyà rẹ̀, ó sì ń tì í lọ títí gìgísẹ̀ Salihat fi dé etí agbo. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀, ó ku díẹ̀ kó kanlẹ̀. Kò kanlẹ̀. Ó yí ìbàdí, ó fi ọ̀já gbé obìnrin náà kúrò nílẹ̀, ó sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀ gbàà.



"Salihat!" Halimah ti dìde. "Ẹni tó jù mí lọ lo sọ mọ́lẹ̀ yẹn o!"

"Halimah, jókòó jàre," Àǹtí Rùkáyátù dáhùn láti ilẹ̀ tó nà sí gbalaja. "Látọjọ́ tí ọmọ yìí ti ń kí mi, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi."

Salihat dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì títí rẹfirí fi nawọ́ sí i. Ìgbà náà ló tó rìn lọ bá àǹtí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sì nawọ́ láti fà á sókè.

"Orúnkún yìí náà tún ni?"

"Ìjà ti parí, mà."

"Ó dáa. Dìde kó o tó fà mí. Mi ò fúyẹ́."