Àkísà Pupa Ojú Ọ̀sà

Ọdún kejì tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ni Oyèbísí, obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹja, wá bá wa ní Bàrígà. Ó pè wá jọ sínú kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ Ladi-Lak, ó sì bá wa sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ìjọba fẹ́ fi ọgbà yí etí ọ̀sà ká. Èbúté tí àwọn apẹja rẹ̀ bá ní ìlànà tí wọ́n fi ń tọ́jú omi nìkan ni wọn ò ní tì.

Èmi Táwà, ẹja yíyan niṣẹ́ mi. Èbúté yẹn ni ẹja mi ti ń wá láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Tí wọ́n bá tì í, ààrò mi kú nìyẹn.

Oyèbísí bi àwọn apẹja bóyá ìgbà kan wà tí wọn kì í pẹja. Gbogbo ojú yí sí Ràmọ́nì ọkọ mi, torí òun ni àgbà wọn. Ó ṣí fìlà, ó ní àwọn ò ní òfin kankan, ìjọba ló lomi, ohun tí ìjọba bá wí làwọn ń ṣe. Àwọn yòókù ń mi orí bí alángbá. Oyèbísí kọ ọ́ sílẹ̀.

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Ọkùnrin yìí kan náà! Lọ́dọọdún, tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ó máa ń ri ọparun mọ́lẹ̀ níbi tí ẹja epìyà ti ń yé, á so àkísà pupa mọ́ ọn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sẹ́ni tó jẹ́ ju àwọ̀n síbẹ̀. Ìró mi ló sì ń ya. Ìró pupa tí mo ró níjọ́ tí a sọ Rashidat ọmọ wa lórúkọ, ó ti ya á kù bíi aṣọ ìnuwọ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Láyé ológun, ó sọ fún àwọn sójà kan pé omi wa nìyí, a mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n fọ́ ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n nà án níṣojú àwọn ọmọ wa. Látìgbà yẹn, ohunkóhun tí ìjọba bá béèrè, “a ò ní, a ò mọ̀” ni àwọn apẹja wa máa fi dáhùn. Ó ti mọ́ wọn lára. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi.

Oyèbísí ti ń pa ìwé dé. Mo dìde. N kò já ọkọ mi nírọ́ ní gbangba rí.

“Baba Rashidat, ẹ má bínú. Aṣọ ta ló wà lórí ọparun ojú ọ̀sà yẹn?”

Oyèbísí ní òun rí ọparun náà nígbà tí òun ń bọ̀. Ẹni tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé òun yà fún un, ó gba ọ̀nà jíjìn, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ó wá bi ọkọ mi bóyá òun ló fi síbẹ̀. Ràmọ́nì tẹjú mọ́ bírò ọwọ́ Oyèbísí.

“Èmi ni, màdáàmù. Tó bá ti wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la kì í ju àwọ̀n síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ mi.”

Oyèbísí fagi lé ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn ò ní ti èbúté wa. Ọkọ mi lọ dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán, ó sì ní kó kà á sókè. Nígbà tó kà á tán, Ràmọ́nì ní ó ku ẹnì kan. Ó ní kó fi orúkọ mi kún un, torí èmi ni mo ni aṣọ.